Bí Jẹjẹrẹ àti Àwọn Sẹ́ẹ̀lì Tó Yí I Ká Ṣe Ń Rí Agbára Lò: Ìtàn Ìwádìí Kan

Ní ọdún 1923, Otto Warburg, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Jámánì, gé kókó jẹjẹrẹ lára eku ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì kó o sínú omi tó ní ṣúgà, kó lè wọn ọ́síjìn tí yóò lò. Ohun tó rí kò bá ohun tó ń retí mu. Kókó náà kò lo ọ́síjìn ju ẹ̀dọ̀ tí ara rẹ̀ dá lọ, bẹ́ẹ̀ ló ń tú ásíìdì lactic jáde lọ́pọ̀ yanturu, àfi bí ẹni pé ọ́síjìn kò sí nítòsí rẹ̀ rárá. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń wá ìdí tí jẹjẹrẹ fi ń ná ṣúgà ní ìnákúnàá. Ìtàn inú orí yìí fi hàn pé ìwọ̀n tí Warburg wọ̀n tọ̀nà, ìtumọ̀ tó fún un ni kò tọ̀nà. Ohun tó sì pẹ́ jù lọ kó tó yé àwọn onímọ̀ ni pé kókó jẹjẹrẹ kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nìkan. Àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn ń gbé inú rẹ̀, àwọn náà ń jẹ, wọ́n ń mí, wọ́n sì ní ìpín tiwọn nínú ìnákúnàá náà.

Ọ̀nà méjì tí sẹ́ẹ̀lì ń gbà rí agbára

Kò sí sẹ́ẹ̀lì tó lè ṣiṣẹ́ láìní agbára. ATP ni orúkọ èròjà tí sẹ́ẹ̀lì ń fi agbára pamọ́ sí, òun náà ló sì ń fà lò nígbà tó bá fẹ́ dàgbà, tó fẹ́ pín sí méjì, tàbí tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ mìíràn. Karl Lohmann ló ṣàwárí rẹ̀ ní Jámánì ní ọdún 1929. Gúlúkóòsì, ìyẹn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe é.

Ọ̀nà kìíní kò nílò ọ́síjìn. Àwọn ẹ́ńsáìmù inú omi sẹ́ẹ̀lì á fọ́ gúlúkóòsì kan sí méjì, ATP 2 péré sì ni èrè rẹ̀. Bí ọ́síjìn bá wọ́n, ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn fífọ́ náà á di ásíìdì lactic, sẹ́ẹ̀lì á sì tì í jáde. Ọ̀nà kejì ló ń lo ọ́síjìn. Inú maitokóńdíríà, àwọn ẹ̀yà kéékèèké kan nínú sẹ́ẹ̀lì, ló ti ń wáyé. Ibẹ̀ ni ìyókù gúlúkóòsì ti ń jóná pátápátá, tó fi di omi àti afẹ́fẹ́ carbon dioxide. Èrè ọ̀nà yìí pọ̀: gúlúkóòsì kan tó bá gba ibẹ̀ kọjá lè mú nǹkan bí ATP 30 wá.

Ní ọdún 1861, Louis Pasteur kíyè sí i nílẹ̀ Faransé pé ìwúkàrà tó ń rí afẹ́fẹ́ máa ń lo ṣúgà díẹ̀, nígbà tí èyí tí kò rí afẹ́fẹ́ máa ń lo ṣúgà púpọ̀, tó sì ń sọ ọ́ di ọtí. Nígbà tí ọ̀nà tó lérè bá ṣí sílẹ̀, sẹ́ẹ̀lì kì í lo èyí tí kò lérè. Bákan náà ni ẹran ara ń ṣe. Ní ọdún 1907, Walter Fletcher àti Frederick Hopkins fi hàn ní Cambridge pé ẹran ara ọ̀pọ̀lọ́ máa ń kó ásíìdì lactic jọ bí kò bá rí ọ́síjìn, ásíìdì náà a sì dín kù bí ọ́síjìn bá dé. Òfin tí gbogbo onímọ̀ gbà nígbà náà nìyẹn: bí ọ́síjìn bá dé, ásíìdì á lọ. Òfin yìí ni jẹjẹrẹ rú.

Warburg àti ẹ̀rọ ìwọ̀n rẹ̀

Ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 1883 ni wọ́n bí Otto Heinrich Warburg ní ìlú Freiburg. Ògbóǹtarìgì nínú ìmọ̀ físíìsì ni Emil Warburg, bàbá rẹ̀, ìran Júù ló sì ti wá. Ìyá rẹ̀ kì í ṣe Júù. Emil Fischer ló kọ́ Warburg ní kẹ́mísìrì ní Berlin, níbi tó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1906. Ó tún gba oyè nínú ìmọ̀ ìṣègùn ní Heidelberg ní 1911. Ní 1908, kó tó parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn náà, ó ti ṣiṣẹ́ ní Naples, létí òkun Ítálì, lórí ẹyin ẹranko òkun kan tí ẹ̀gún bo gbogbo ara rẹ̀. Ó rí i pé bí ẹyin náà bá ti gba àtọ̀, ọ́síjìn tó ń lò á fò sókè títí dé ìlọ́po mẹ́fà. Ẹ̀kọ́ tó kọ́ níbẹ̀ ni pé ohun tó bá fẹ́ dàgbà kíákíá gbọ́dọ̀ mí púpọ̀. Òun ló jẹ́ kó retí, ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà, pé jẹjẹrẹ yóò jẹ ọ́síjìn ju ẹran ara tó kù lọ.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Warburg wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin. Ní 1918, Albert Einstein kọ lẹ́tà sí i pé kó fi ojú ogun sílẹ̀, kó padà sídìí ìwádìí rẹ̀. Ó gbọ́, ó sì padà sí Dahlem ní Berlin, níbi tí ẹgbẹ́ Kaiser Wilhelm ti ní àwọn ilé ìwádìí wọn.

Ìṣòro tó kọ́kọ́ kojú rẹ̀ ni bí èèyàn ṣe lè wọn mímí ẹran tí a ti gé kúrò lára. Bí ẹran náà bá nípọn, ọ́síjìn kò ní dé àárín rẹ̀, àárín náà á sì kú. Warburg ṣe ìṣirò, ó rí i pé bí ẹran náà kò bá nípọn ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ, ọ́síjìn yóò dé ibi gbogbo nínú rẹ̀. Ó wá ń gé e ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ń kó o sínú ìgò kékeré tó so mọ́ páìpù onígíláàsì tí omi wà nínú rẹ̀. Bí ẹran náà bá ṣe ń fa ọ́síjìn, omi inú páìpù á máa yí ipò padà. Bí ásíìdì bá ń jáde, ásíìdì náà á lé carbon dioxide kúrò nínú omi tí ẹran wà, èyí náà á sì hàn lára páìpù. Joseph Barcroft àti John Haldane, àwọn onímọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ti kọ́kọ́ lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láti wọn afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀. Warburg tún un ṣe kó lè bá ẹran ara mu.

Ní 1924, òun àti Karl Posener pẹ̀lú Erwin Negelein tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde. Ẹran ara tó dá kì í sábà tú ásíìdì lactic púpọ̀ jáde níbi tí ọ́síjìn bá wà, ṣùgbọ́n ti jẹjẹrẹ kò dẹ́kun. Ọ́síjìn a máa dín in kù, kò kàn lè pa á rẹ́. Ohun kan náà ni wọ́n rí nínú kókó jẹjẹrẹ tí wọ́n gbà lára àwọn èèyàn. Ní 1926, Warburg kó gbogbo iṣẹ́ náà jọ sínú ìwé kan tó jáde ní Berlin, Frank Dickens sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1930.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ohun kan sọ́kàn nípa ẹ̀rọ yìí, nítorí yóò tún jẹyọ níwájú. Ẹran tí Warburg kó sínú ìgò kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ pọ́ńbélé. Sẹ́ẹ̀lì iṣan ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì tó ń hun okùn tó so ẹran ara pọ̀ wà níbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ààbò ara náà wà níbẹ̀. Ìwọ̀n kan ṣoṣo ni páìpù náà ń mú jáde fún gbogbo wọn, orí jẹjẹrẹ nìkan ni wọ́n sì kà á sí.

Ẹ̀rí láti inú ara alààyè

Àwọn kan lè sọ pé inú ìgò nìkan ni irú nǹkan báyìí ti lè ṣẹlẹ̀. Carl Cori àti ìyàwó rẹ̀ Gerty Cori dáhùn ìyẹn ní 1925 ní Buffalo, ní ìpínlẹ̀ New York. Wọ́n lo adìyẹ tí kókó jẹjẹrẹ hù sí ìyẹ́ apá rẹ̀ kan, tí ìyẹ́ kejì sì dá ṣáká, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde bọ̀ láti ìyẹ́ méjèèjì, wọ́n sì fi wọ́n wéra. Nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ láti ibi tí kókó wà, gúlúkóòsì fi mílígíráàmù 23 dín nínú mìlílítà 100, ásíìdì lactic sì fi mílígíráàmù 16 lé. Tọkọtaya yìí kan náà ni wọ́n jọ pín nínú ẹ̀bùn Nobel ní 1947 fún iṣẹ́ wọn lórí bí ara ṣe ń tọ́jú ṣúgà.

Ní 1927, Warburg, Franz Wind àti Negelein ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lára eku. Wọ́n wọn gúlúkóòsì inú ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ inú kókó jẹjẹrẹ àti èyí tó ń jáde. Kókó náà gbà ju ìlàjì lọ lára gúlúkóòsì tó kọjá níwájú rẹ̀, nígbà tí àwọn ẹ̀yà ara tó dá kò gbà tó ìdá 20 nínú 100. Nínú ohun tí kókó náà gbà, nǹkan bí ìdá 66 nínú 100 ló sọ di ásíìdì lactic. Láti ìgbà yìí ni kò ti sí àríyànjiyàn mọ́ lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìdí tó fi ń ṣẹlẹ̀ ló dá ìjà sílẹ̀.

Ìtumọ̀ Warburg àti àwọn tó takò ó

Warburg gbà pé maitokóńdíríà jẹjẹrẹ ti bàjẹ́, ìyẹn ni pé ẹ̀rọ mímí sẹ́ẹ̀lì náà ti kú tàbí ó ti rọ. Bí mímí ṣe ń bàjẹ́, sẹ́ẹ̀lì á wá fọ́ ṣúgà láìlo ọ́síjìn kó má bàa kú, lójú Warburg, ìyípadà yìí gan-an ló sì sọ sẹ́ẹ̀lì di jẹjẹrẹ. Ó mú ìtumọ̀ yìí dání títí tó fi kú.

Iyì rẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kò kéré. Ní 1931, ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ìṣègùn. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé nítorí jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ lórí ẹ́ńsáìmù tí sẹ́ẹ̀lì fi ń mí ni wọ́n torí rẹ̀ fún un. Lásìkò náà ni wọ́n fi owó àjọ Rockefeller kọ́ ilé ìwádìí fún un ní Dahlem. Hans Krebs, tó bá a ṣiṣẹ́ láti 1926 sí 1930, sá kúrò ní Jámánì lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1933 nígbà tí ìjọba Hitler dé. Sheffield ló ti tú àyípoyípo ìjóná inú maitokóńdíríà wò ní 1937, tó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1953. Warburg ní tirẹ̀ dúró sí Berlin. Wọ́n yọ ọ́ nípò ní 1941 nítorí ìran bàbá rẹ̀, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi dá a padà kó lè máa bá ìwádìí jẹjẹrẹ lọ.

Àwọn tó ń ṣiyèméjì kò dúró dìgbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí. Ní ìparí àwọn ọdún 1920, Herbert Crabtree fi hàn ní London pé àwọn ìwúlé ara kan tí kì í ṣe jẹjẹrẹ náà ń fọ́ ṣúgà lọ́nà kan náà, àti pé mímí kókó kan yàtọ̀ sí ti òmíràn. Warburg fúnra rẹ̀ ti rí i pé awọ tó wà lẹ́yìn ẹyinjú, tí a fi ń ríran, ń tú ásíìdì lactic jáde níbi tí ọ́síjìn wà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àrùn kankan lára rẹ̀.

Ìjà náà gbóná jù ní 1956. Warburg tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science nípa orísun sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, ó sì tún tẹnu mọ́ ọn pé mímí tó bàjẹ́ ló fà á. Sidney Weinhouse ti Philadelphia fèsì nínú ìwé ìròyìn kan náà. Weinhouse ti lo carbon tó ń tan ìtànṣán láti tọpa ṣúgà àti ọ̀rá nínú kókó jẹjẹrẹ, ó sì rí i pé wọ́n ń jóná nínú maitokóńdíríà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń jóná nínú ẹran ara mìíràn. Britton Chance náà wo àwọn èròjà tó ń gbé mímí sẹ́ẹ̀lì, ó bá wọn ní pípé nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó yẹ̀ wò. Nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ, maitokóńdíríà ń ṣiṣẹ́, ásíìdì sì ń jáde lẹ́sẹ̀ kan náà. Warburg kò yí ohùn padà. Ní 1966, ó sọ ohun kan náà níwájú àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel tó péjọ ní Lindau. Ó kú ní Berlin ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 1970.

Bí ìbéèrè náà ṣe wọmi tó sì tún jáde

Ọdún méjì lẹ́yìn ikú rẹ̀, Efraim Racker sọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà ní “Warburg effect”, orúkọ náà kò sì kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo ayé ti kúrò lórí ṣúgà. Láti ìgbà tí James Watson àti Francis Crick ti tú ìrísí DNA wò ní 1953, jíìnì ni àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ń sá tọ̀. Nígbà tí Michael Bishop àti Harold Varmus fi hàn ní 1976 pé jíìnì tó lè dá jẹjẹrẹ sílẹ̀ wà nínú sẹ́ẹ̀lì wa tẹ́lẹ̀, ó dà bí ẹni pé a kò nílò ìtàn mímí mọ́. Oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì di ohun tí wọ́n kàn ń kọ́ nínú kíláàsì.

Ilé ìwòsàn ló mú Warburg padà wá. Ní Brookhaven, ní New York, Tatsuo Ido, Joanna Fowler, Alfred Wolf àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe irú gúlúkóòsì kan tí wọ́n so fluorine-18 mọ́, wọ́n sì pè é ní FDG. Ìtànṣán fluorine-18 máa ń dín kù sí ìlàjì láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 110, nítorí náà wọ́n ní láti sáré gbé e lọ síbi tí wọn yóò ti lò ó. Oṣù Kẹjọ ọdún 1976 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sára èèyàn ní Philadelphia. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ń fa gúlúkóòsì á fa FDG náà wọlé, ṣùgbọ́n kò ní lè jó o tán, á há sínú rẹ̀, ẹ̀rọ PET á sì ya àwòrán ibi tó há sí. Ọpọlọ ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ fi wò. Kò pẹ́ tí wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ kókó jẹjẹrẹ ń tàn yòò nínú àwòrán náà. Lónìí, òun ni àwọn dókítà fi ń wo ibi tí ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ti ràn dé, tí wọ́n sì fi ń mọ̀ bóyá ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́.

Àwòrán yìí kan náà ló fi àlàfo tó wà nínú ìtumọ̀ Warburg hàn. Ibi tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti ń jà lẹ́dọ̀fóró náà máa ń tàn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí jẹjẹrẹ níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ààbò ara tó ń bá kòkòrò jà ló ń fa ṣúgà. Ní 1992, Roko Kubota àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sendai, nílẹ̀ Jàpáàn, gé kókó jẹjẹrẹ eku tó ti gba FDG, wọ́n sì wo ibi tí ìtànṣán wà nínú rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ amóhun-kékeré-tóbi. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ààbò tó ń gbé kòkòrò mì àti ẹran tuntun tó ń hù yí kókó náà ká fa FDG ju sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ lọ. Àbájáde náà kò kọjá ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ya àwòrán inú ara fún ìgbà pípẹ́.

Jíìnì pàdé oúnjẹ

Láàárín àkókò yìí, àwọn tó ń wá jíìnì kiri bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé orí oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì ni ọ̀pọ̀ nínú jíìnì náà ti ń ṣiṣẹ́. Ní Baltimore, Gregg Semenza rí HIF-1, pùròtéènì kan tó máa ń jí nígbà tí ọ́síjìn bá wọ́n, tó sì ń pàṣẹ kí sẹ́ẹ̀lì fọ́ ṣúgà sí i. Iṣẹ́ yìí wà lára ohun tó mú kí òun, William Kaelin àti Peter Ratcliffe gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019. Ní ìlú kan náà, ẹgbẹ́ Chi Dang fi hàn ní 1997 pé MYC, ọ̀kan nínú àwọn jíìnì tó sábà máa ń fa jẹjẹrẹ, ń mú kí ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe ásíìdì lactic pọ̀ sí i. Fífọ́ ṣúgà kì í ṣe ohun tí sẹ́ẹ̀lì sá tọ̀ nítorí ìjákulẹ̀ maitokóńdíríà. Àṣẹ jíìnì ló ń tẹ̀ lé.

A tún rí ibi tí ọ̀rọ̀ Warburg ti kù díẹ̀ kó já sí òótọ́. Ní 2000, àwọn onímọ̀ rí i pé àwọn ìdílé kan tí irú kókó kan máa ń hù sí lọ́rùn jogún àbùkù nínú ọ̀kan lára àwọn ẹ́ńsáìmù maitokóńdíríà. Mímí tó bàjẹ́ lè dá jẹjẹrẹ sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ díẹ̀ ló ń gba ọ̀nà yẹn.

Kí wá ni èrè ìnákúnàá náà? Ní 2009, Matthew Vander Heiden, Lewis Cantley àti Craig Thompson dábàá ìdáhùn kan tí ọ̀pọ̀ gbà. Sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ pín sí méjì kò nílò ATP nìkan; ó nílò ohun èlò tí yóò fi kọ́ sẹ́ẹ̀lì kejì: ọ̀rá fún awọ rẹ̀, èròjà fún DNA àti fún pùròtéènì. Ṣúgà tí a bá jó tán pátápátá ti di afẹ́fẹ́, kò ṣeé fi kọ́ nǹkan. Èyí tí a kò jó tán ni a lè ṣẹ́ èròjà láti ara rẹ̀. Ṣúgà nìkan kọ́ ni wọ́n sì ń lò. Láti 1955 ni Harry Eagle ti fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì tí à ń sìn nínú àwo kò lè gbé láìsí glutamine, ọ̀kan nínú èròjà pùròtéènì. Nígbà tí Douglas Hanahan àti Robert Weinberg tún àkójọ àwọn àmì tí a fi ń mọ jẹjẹrẹ kọ ní 2011, wọ́n fi yíyí ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì ń gbà rí agbára padà kún un.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí jẹjẹrẹ ká

Ní 1889, Stephen Paget, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní London, yẹ àkọsílẹ̀ àwọn obìnrin 735 tí jẹjẹrẹ ọmú pa wò, ó sì rí i pé àwọn ẹ̀yà ara kan ni àrùn náà máa ń ràn lọ ju àwọn mìíràn lọ. Ó fi jẹjẹrẹ wé irúgbìn, ó fi ara wé ilẹ̀: irúgbìn lè fọ́n ká síbi gbogbo, ilẹ̀ tó bá gbà á ló ti ń hù. Ó tó ọgọ́fà ọdún kí àwọn onímọ̀ tó wá bi ara wọn bóyá ilẹ̀ náà ń bọ́ irúgbìn.

Ìdáhùn àkọ́kọ́ wá láti ara ásíìdì lactic tí gbogbo èèyàn ti kà sí pàǹtírí. Ní àwọn ọdún 1980, George Brooks ti Kálífọ́níà ti sọ pé kì í ṣe pàǹtírí: ẹran ara kan lè tú u jáde, kí òmíràn gbà á jó. Ní 2008, Pierre Sonveaux àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé irú pàṣípààrọ̀ yìí wà nínú kókó jẹjẹrẹ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó jìnnà sí iṣan ẹ̀jẹ̀, tí ọ́síjìn wọ́n lọ́dọ̀ wọn, ń fọ́ ṣúgà, wọ́n sì ń tú ásíìdì jáde. Àwọn tó wà nítòsí iṣan ẹ̀jẹ̀ ń gba ásíìdì náà jó, wọ́n ń jẹ́ kí ṣúgà kọjá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ Michael Lisanti ní Philadelphia dábàá pé nínú àwọn jẹjẹrẹ ọmú kan, àwọn fibroblast, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń hun okùn tó so ẹran ara pọ̀, ló ń fọ́ ṣúgà tó sì ń tú lactate, ìyẹn ásíìdì lactic, jáde, tí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ sì ń jó o nínú maitokóńdíríà tirẹ̀. Òdìkejì pátápátá ni èyí jẹ́ sí ohun tí Warburg rò. Ẹgbẹ́ Ralph DeBerardinis ní Dallas tún mú ẹ̀rí wá láti ara èèyàn ní 2017. Wọ́n fi ohun èlò tí a sàmì sí sínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n sì rí i pé àwọn kókó náà ń gba lactate láti inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n ń jó o.

Kì í ṣe lactate nìkan. Jẹjẹrẹ ilé-ẹyin obìnrin máa ń ràn lọ sórí aṣọ ọ̀rá tó bo ìfun. Ní 2011, ẹgbẹ́ Ernst Lengyel ní Chicago fi ìdí rẹ̀ hàn: sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá tó wà níbẹ̀ ń tú ọ̀rá sílẹ̀, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ sì ń gbà á jó. Nínú jẹjẹrẹ pancreas, níbi tí okùn ẹran ti máa ń há iṣan ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀ tí oúnjẹ kò fi rọrùn láti rí, ẹgbẹ́ Alec Kimmelman rí i ní 2016 pé sẹ́ẹ̀lì tó ń hun okùn náà máa ń jẹ ara tirẹ̀, ó sì ń tú alanine, ọ̀kan nínú èròjà pùròtéènì, sílẹ̀ fún jẹjẹrẹ. Ní New Zealand, ẹgbẹ́ Michael Berridge ba DNA maitokóńdíríà sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ jẹ́ pátápátá kí wọ́n tó gbìn ín sára eku. Kókó náà pẹ́ kó tó hù. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn tó hù wò, DNA maitokóńdíríà eku náà ni wọ́n bá nínú wọn. Jẹjẹrẹ ti gba maitokóńdíríà lọ́wọ́ sẹ́ẹ̀lì tó yí i ká. Iṣẹ́ yìí, tó jáde ní 2015, fi hàn pé, fún irú jẹjẹrẹ bẹ́ẹ̀, mímí tí Warburg sọ pé jẹjẹrẹ ti sọ nù jẹ́ ohun tí kò lè ṣe láìní.

Ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì ààbò ara le jù. Sẹ́ẹ̀lì T, tó lè pa jẹjẹrẹ, máa ń fọ́ ṣúgà lọ́nà Warburg nígbà tó bá jí sí ìjà, nítorí òun náà ní láti pọ̀ sí i kíákíá. Ní 2015, ẹgbẹ́ Erika Pearce ní St. Louis àti ti Susan Kaech ní Yale fi hàn, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pé bí jẹjẹrẹ bá fa ṣúgà tán ní àyíká, ọwọ́ sẹ́ẹ̀lì T á rọ. Ásíìdì lactic tún ń ba nǹkan jẹ́ sí i. Ní 2014, ẹgbẹ́ Ruslan Medzhitov rí i pé ó máa ń yí àwọn sẹ́ẹ̀lì ààbò tó ń gbé kòkòrò mì lọ́kàn padà, tí wọ́n á fi máa ran kókó náà lọ́wọ́ láti dàgbà.

Ní 2021, ẹgbẹ́ Jeffrey Rathmell ní Nashville ṣe ohun tí ìgò Warburg kò lè ṣe. Wọ́n fi FDG àti glutamine tí a sàmì sí sára eku tó ní jẹjẹrẹ, wọ́n tú kókó náà palẹ̀, wọ́n sì ya oríṣi sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ààbò tó jẹ́ ìbátan agbékòkòròmì ló fa gúlúkóòsì jù lọ bí a bá kà á ní sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ló fa glutamine jù lọ. Ó sì hàn pé àìtó ṣúgà kọ́ ló fa ìpín yìí, nítorí nígbà tí wọ́n dí ọ̀nà glutamine, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà rí ṣúgà sí i fà.

Ohun tí ìmọ̀ yìí ṣe fún ìtọ́jú

Kíkọlu oúnjẹ jẹjẹrẹ ti pẹ́ nínú ìtọ́jú. Ní 1948, Sidney Farber ròyìn ní Boston pé aminopterin, oògùn tó ń dí fítámì folate lọ́wọ́, mú kí ara 10 nínú àwọn ọmọdé 16 tó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ yá fún ìgbà díẹ̀. Folate wúlò fún kíkọ́ DNA. Asparaginase, tí wọ́n ń lò fún jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé títí dòní, ń fa asparagine, èròjà pùròtéènì mìíràn, kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó dá lè ṣe tirẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì àrùn náà kò lè ṣe é tó. Ní 2008, àwọn onímọ̀ rí i pé IDH1, jíìnì ẹ́ńsáìmù kan, ti yí padà nínú àwọn jẹjẹrẹ ọpọlọ kan. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ó yé wọn pé ẹ́ńsáìmù tó yí padà náà ń ṣe èròjà kan tí kò yẹ kó pọ̀ nínú ara. Oògùn ivosidenib, tó ń dí ẹ́ńsáìmù yìí, gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 2018 fún irú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ kan.

Ibi tí ìmọ̀ Warburg ti rọrùn láti ṣì lò ni ọ̀rọ̀ ṣúgà. Àwọn kan ń polówó pé bí aláìsàn bá ti yàgò fún ṣúgà, jẹjẹrẹ á kú fún ebi. Ara kì í gba bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dọ̀ máa ń ṣe gúlúkóòsì kí ìwọ̀n rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ má bàa já wálẹ̀, jẹjẹrẹ sì lè jó lactate, ọ̀rá àti glutamine. Aláìsàn tó bá febi pa ara rẹ̀ lè rù kọjá bí ìtọ́jú ṣe lè gbà á.

Ìṣòro tó wà lọ́wọ́ àwọn aṣèwádìí báyìí ni pé oògùn tó bá dí ọ̀nà ṣúgà fún jẹjẹrẹ lè dí i fún sẹ́ẹ̀lì T pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ sẹ́ẹ̀lì T ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìtọ́jú tuntun gbẹ́kẹ̀ lé. Nítorí náà, kí wọ́n tó yan oògùn kan, wọ́n ní láti kọ́kọ́ mọ èwo nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì inú kókó náà ló ń jẹ kí ni, nínú irú jẹjẹrẹ wo, àti ní ẹ̀yà ara wo. Wíwọ̀n odindi kókó lẹ́ẹ̀kan náà kò lè sọ ìyẹn fún wọn.